Ta Ló Pààlà fún Ẹ̀rọ? Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Títú Fáàmùwíà Kọ̀ǹpútà Àtijọ́

Ní oṣù kìíní ọdún 1989, ilé iṣẹ́ Apple gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan jáde tí wọ́n pè ní Macintosh SE/30. Ihò mẹ́jọ ló wà lórí mọ́dábọ́ọ̀dù rẹ̀ fún mẹ́mórì, ṣíìpù Motorola 68030 tó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀ sì lè lo àdírẹ́ẹ̀sì tó gùn ní bíìtì 32. Bí èèyàn bá ki mẹ́mórì mẹ́gábáìtì 16 bọ ihò kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ á jẹ́ 128. Ara ẹ̀rọ náà gbà á. Síbẹ̀, bí wọ́n ṣe tà á gẹ́lẹ́, mẹ́gábáìtì 8 péré ló lè lò. Wáyà kọ́ ló fà á, ṣíìpù ọpọlọ kọ́ sì ni. Àkọsílẹ̀ kékeré kan tí Apple tẹ̀ sínú ṣíìpù ROM ló há ẹ̀rọ náà mọ́.

Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ là ń pè ní fáàmùwíà: àwọn àṣẹ tí ilé iṣẹ́ ti kọ sínú ṣíìpù kí ẹ̀rọ tó kúrò lọ́wọ́ wọn, tó jẹ́ pé òun ni ẹ̀rọ kọ́kọ́ ń kà gbàrà tí iná bá dé ara rẹ̀. Òun ló ń jí mẹ́mórì, òun ló ń wá dísìkì, òun ló sì ń sọ fún sọ́fítíwíà ohun tó wà nílé àti ohun tí kò sí. Tí fáàmùwíà bá ti ní mẹ́mórì kò ju 8 lọ, 8 náà ni, kódà kí 128 wà níbẹ̀. Ó ti tó ogójì ọdún báyìí tí àwọn kan ti ń ka àkọsílẹ̀ yìí láti inú ṣíìpù, tí wọ́n ń túmọ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì ń tún un kọ kí ẹ̀rọ tó ti darúgbó lè gba ohun tuntun. Bí mo ṣe ń yẹ iṣẹ́ wọn wò láti orí ẹ̀rọ kan dé òmíràn, ohun kan ló ń hàn sí mi léraléra: ọ̀pọ̀ ààlà tí a ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru irin àti wáyà, ọwọ́ ẹni tó kọ fáàmùwíà ló ti wá, nígbà tí àyè há mọ́ ọn tí ọjọ́ ìtajà sì ń lé e bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ wo ti SE/30 yìí. Macintosh àkọ́kọ́, ti ọdún 1984, lo ṣíìpù 68000. Àdírẹ́ẹ̀sì inú ṣíìpù yẹn gùn ní bíìtì 32, ṣùgbọ́n 24 péré ló ń bọ́ sórí wáyà. Bíìtì 8 tó kù kò ní iṣẹ́ kankan. Mẹ́mórì gbogbo ẹ̀rọ náà jẹ́ kílóbáìtì 128, kò sí ẹni tó lè fi nǹkan ṣòfò níbẹ̀, ni àwọn tó ń kọ kóòdù fún Apple bá sọ bíìtì 8 yẹn di ibi tí wọ́n ń sàmì sí: èyí ò gbọdọ̀ kúrò lójú kan, èyí ṣeé dà nù tí àyè bá tán. Ọgbọ́n tó dáa ni lọ́jọ́ tí wọ́n ta á. Nígbà tí 68030 dé tó ń ka bíìtì 32 pé pérépéré, àwọn àmì yẹn di ara àdírẹ́ẹ̀sì, ẹ̀rọ á sì lọ máa wá nǹkan níbi tí nǹkan kò sí. ROM inú Macintosh II, IIx, IIcx àti SE/30 ló jogún àléébù yìí.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn èèyàn gbà yọ nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Connectix kọ sọ́fítíwíà kan, MODE32, tó ń tún ibi tó bàjẹ́ ṣe nínú mẹ́mórì nígbà tí ẹ̀rọ bá ń jí. Ní 1991, Apple fúnra rẹ̀ ṣètò kí gbogbo ẹni tó ní Mac lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn mìíràn rí i pé ROM orí káàdì pélébé tí wọ́n ń lò nínú Macintosh IIsi tàbí IIfx wọ ihò SE/30 rẹ́gí, pé àléébù yẹn kò sì sí nínú rẹ̀. Ọ̀nà kẹta ló kan ọ̀rọ̀ wa jù: àwọn kan ka ROM yẹn jáde, wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n ṣe káàdì tí èèyàn lè kọ nǹkan sí lákọtúnkọ, wọ́n sì gé àyẹ̀wò mẹ́mórì tó máa ń fi àkókò ṣòfò ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ borí ìdènà kan. Báìtì mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú ROM Mac ni àròpọ̀ ohun gbogbo tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ á ṣírò rẹ̀ nígbà tó bá ń jí, bí ẹyọ báìtì kan bá sì ti yí padà tí àròpọ̀ kò bára mu mọ́, kò ní ṣí. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ yí ohunkóhun padà gbọ́dọ̀ tún àròpọ̀ yẹn kọ tàbí kó mú ibi tó ti ń yẹ̀ ẹ́ wò kúrò. Èmi fara mọ́ ọ̀nà kẹta yìí ju MODE32 lọ, nítorí ibi tí àìsàn wà gan-an ló ti wò ó.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ka ohun tó wà nínú ṣíìpù? Ẹni tó bá ti tú kọ̀ǹpútà àwọn ọdún 1980 wò á ti rí ṣíìpù kan tí wọ́n lẹ bébà mọ́ lórí. Ẹ má ṣe ṣí bébà yẹn. Fèrèsé kékeré tí wọ́n fi kúọ́ọ̀sì ṣe ló wà lábẹ́ rẹ̀, èèyàn sì lè tibẹ̀ wo èèpo sílíkónì tó ń dán yìnrìn nínú. EPROM nìyẹn, tí Dov Frohman ṣe ní Intel ní 1971. Iná ọ̀tọ̀, irú èyí tí ojú wa kò lè rí, ni wọ́n máa ń tàn sí fèrèsé yẹn fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan láti nù ún mọ́ kí wọ́n tó kọ nǹkan tuntun sí i. Nọ́ńbà ara rẹ̀ ló ń sọ bó ṣe tóbi tó: 2764 gba kílóbáìtì 8, 27256 gba 32. Agbára iná tíntìntín tí wọ́n há mọ́ inú rẹ̀ ni àkọsílẹ̀ yẹn jẹ́, ó sì ń jò díẹ̀díẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ ní 1983 ti lé ní ogójì ọdún. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ àkọ́kọ́ fi jẹ́ kíkà á kó tó gbàgbé: wọ́n á yọ ṣíìpù náà, wọ́n á fi sínú ẹ̀rọ kékeré tó ń kà á tó sì ń kọ ọ́, wọ́n á kà á lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán, wọ́n á sì fi ìkíní wé ìkejì.

Ohun tó máa jáde ni òǹkà lásán, ẹgbẹẹgbẹ̀rún báìtì tó tò tẹ̀ léra. Sọ́fítíwíà tó ń sọ òǹkà di àṣẹ pọ̀ lóde. Ghidra, tí àjọ aṣọ́lé Amẹ́ríkà, NSA, kọ́ tó sì gbé síta lọ́fẹ̀ẹ́ ní oṣù kẹta ọdún 2019, ti mú kí iṣẹ́ náà rọrùn fún ẹni tí kò lówó lọ́wọ́, ó sì gbọ́ èdè àwọn ṣíìpù àtijọ́ bíi 6502, Z80 àti 68000. Ṣùgbọ́n ibi tí iṣẹ́ gan-an wà ni mímọ ohun tí àṣẹ kọ̀ọ̀kan wà fún. Wọ́n ní láti mọ ibi tí ẹ̀rọ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ṣíìpù 6502, bó bá ti jí, àdírẹ́ẹ̀sì FFFC àti FFFD ló ń lọ wò, ohun tó bá bá níbẹ̀ ló sì máa tẹ̀ lé. Ibẹ̀ náà ni òǹkàwé ti máa bẹ̀rẹ̀, á máa tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lọ, á máa fún ibi kọ̀ọ̀kan lórúkọ bó bá ṣe ń yé e. Ó lè gba oṣù.

Nínú gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n ti tú, Commodore 1541 ni ìtàn rẹ̀ dùn mọ́ mi jù. Ẹ̀rọ dísìkì tí wọ́n ń tà fún Commodore 64 láti 1982 ni. Kọ̀ǹpútà ni òun alára: ó ní ṣíìpù 6502 tirẹ̀, ó ní mẹ́mórì kílóbáìtì 2, ó sì ní ROM kílóbáìtì 16. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, nǹkan bí 400 báìtì péré ló ń fi ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Dísìkì kan gba báìtì 174,848. Ẹni tó bá fẹ́ kà á tán á jókòó tì í fún ìṣẹ́jú méje ó lé. Àwọn ọmọdé tó fi ẹ̀rọ yẹn ṣeré á ti lọ jẹun dé.

Ìdí rẹ̀ rèé. Lórí VIC-20, kọ̀ǹpútà tó ṣáájú Commodore 64, wọ́n ti pinnu pé ṣíìpù kan tó ń jẹ́ 6522 ni yóò máa fi báìtì odindi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Àṣìṣe wà nínú ṣíìpù yẹn, bíìtì ń sọnù lójú ọ̀nà. Wọ́n wá gbé iṣẹ́ náà fún sọ́fítíwíà, kó máa fi bíìtì ránṣẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sì máa dúró gba ìdáhùn. Nígbà tí Commodore 64 dé, ṣíìpù tó ń ya àwòrán ojú rẹ̀ máa ń dá ọpọlọ ẹ̀rọ dúró díẹ̀ kó lè ráyè ka mẹ́mórì, bíìtì sì lè kọjá ní àsìkò yẹn láìsí ẹni tó rí i. Wọ́n bá tún dín eré fáàmùwíà kù sí i. Wáyà tó so kọ̀ǹpútà mọ́ ẹ̀rọ dísìkì kò ṣẹ̀. Ó lè gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Commodore kò tẹ àkọsílẹ̀ inú ROM yẹn jáde pẹ̀lú àlàyé. Ní Düsseldorf, lórílẹ̀-èdè Jámánì, ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé Data Becker tẹ ìwé kan tó tú ROM 1541 palẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àlàyé sì wà níwájú àṣẹ kọ̀ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ Abacus ní ìpínlẹ̀ Michigan sọ ọ́ di èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ojú àwọn èèyàn là. Wọ́n rí i pé àṣẹ méjì wà, M-W àti M-E, tí èèyàn lè fi kọ kóòdù tirẹ̀ sínú mẹ́mórì ẹ̀rọ dísìkì kó sì ní kó tẹ̀ lé e. Orí èyí ni gbogbo sọ́fítíwíà tó ń mú dísìkì yára dúró lé. JiffyDOS, tó jáde ní àárín àwọn ọdún 1980, ló wá ṣe é kanlẹ̀: ó pààrọ̀ ROM inú kọ̀ǹpútà, ó pààrọ̀ ti inú ẹ̀rọ dísìkì, ó sì ń lo wáyà méjì lẹ́ẹ̀kan náà kí bíìtì méjì lè máa kọjá papọ̀. Eré rẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá ti àtẹ̀yìnwá. Kílóbáìtì 8 ni àyè tó wà nínú ROM kọ̀ǹpútà yẹn, ó sì ti kún dẹ́múdẹ́mú. Kí wọ́n lè ráyè, wọ́n gbá gbogbo kóòdù tó ń bá kásẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́ dà nù. Ẹni tó fẹ́ràn kásẹ́ẹ̀tì pàdánù o, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹni tó sunkún rẹ̀ púpọ̀.

Ìtàn IBM yàtọ̀. Nígbà tí IBM PC jáde ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1981, odindi àkọsílẹ̀ BIOS, ìyẹn fáàmùwíà rẹ̀, wà nínú ìwé ìtọ́sọ́nà tí ẹnikẹ́ni lè rà, àlàyé sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Apple pàápàá ti ṣe irú rẹ̀ fún Apple II ní 1978. Ìyẹn kò ní kí èèyàn dà á kọ o, ẹ̀tọ́ IBM ṣì wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó fara sin. Ẹni tó bá ní PC ayé ọjọ́un lè tẹ D F000:FFF5 nínú sọ́fítíwíà DEBUG, á sì rí ọjọ́ tí wọ́n kọ BIOS tirẹ̀. Bó bá jẹ́ 04/24/81 tàbí 10/19/81 ló jáde, a jẹ́ pé mẹ́mórì rẹ̀ kò lè kọjá kílóbáìtì 544, kò sì ní bojú wo ROM kankan tó bá wà lórí káàdì tí wọ́n kì bọ̀ ọ́, nítorí náà kò lè ti orí háàdì dísìkì jí. Bó bá jẹ́ 10/27/82, méjèèjì ti yanjú. Ẹ̀rọ kan náà ni, irin kan náà ni. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ sọ ti àkọ́kọ́ di ti ìkẹta kàn ní láti kọ kílóbáìtì 8 sínú EPROM ni, kó sì rántí pé ẹsẹ̀ 24 ni ihò IBM gbà nígbà tí 2764 ní 28. Ó máa nílò ohun tó so méjèèjì pọ̀, tàbí kó wá MCM68766 ti Motorola tó bá ihò náà mu.

Ohun tí BIOS tuntun yẹn mú wá ló ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e. Láti àdírẹ́ẹ̀sì C8000 ni á ti máa wá báìtì méjì, 55 àti AA, ní kílóbáìtì méjì-méjì. Tó bá ti rí wọn, báìtì kẹta á sọ bí ROM náà ṣe gùn tó, á ro gbogbo báìtì inú rẹ̀ pọ̀, bí èyí tó kù nínú àròpọ̀ náà bá sì jẹ́ òdo, á fa ẹ̀rọ lé ROM náà lọ́wọ́ pé kó máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ òfin yìí lè fi kún BIOS láìfọwọ́ kan BIOS fúnra rẹ̀. XTIDE Universal BIOS, tí àwọn olùfẹ́ ẹ̀rọ àtijọ́ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ láìda ti ẹnikẹ́ni kọ, tí wọ́n sì gbé síta lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀nà yìí ló gbà. Pẹ̀lú rẹ̀, kọ̀ǹpútà ọdún 1983 á máa ti orí káàdì mẹ́mórì kámẹ́rà jí bí ẹni pé háàdì dísìkì ni.

XTIDE Universal BIOS yìí tún tú àwọn ẹ̀rọ 386 àti 486 sílẹ̀ lọ́wọ́ ààlà mẹ́gábáìtì 504. Ààlà yẹn yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ lóye rẹ̀, nítorí kò sí ẹnì kan tó pa á. Nọ́ńbà mẹ́ta ni wọ́n fi ń tọ́ka sí ibì kan lórí dísìkì: sílíńdà, orí àti ẹ̀ka. BIOS gbà pé dísìkì lè ní sílíńdà 1024 àti orí 256. Dísìkì IDE, irú èyí tó wà nínú àwọn ẹ̀rọ náà, gba sílíńdà 65,536 ṣùgbọ́n orí 16 péré. Ní ti ẹ̀ka, BIOS gba 63, dísìkì IDE sì gba 255. Nígbà tí wọ́n pàdé, èyí tó kéré jù níbi kọ̀ọ̀kan ló borí: 1024 lọ́nà 16 lọ́nà 63 lọ́nà báìtì 512, tó jẹ́ 528,482,304. Ìkọ̀ọ̀kan wọn ì bá gba ọ̀pọ̀ gígábáìtì. Ọgbọ́n tó wù mí jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí sì wà níbí: ọ̀pọ̀ káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìgbà náà ní ihò òfìfo kan tí wọ́n ṣe fún ROM tí ẹ̀rọ lè fi jí láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Wọ́n kọ XTIDE Universal BIOS sínú EPROM, wọ́n fi í sínú ihò yẹn, 486 sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo dísìkì ńlá. Káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló wá di olùtọ́jú dísìkì.

Ti àwọn BIOS tí ilé iṣẹ́ Award kọ, tó ń há tí wọ́n bá rí dísìkì tó ju nǹkan bí gígábáìtì 32 lọ kò gba àlàyé púpọ̀: ìṣirò ló kún jù nínú kóòdù. Àwọn kan tú u, wọ́n tún ibẹ̀ ṣe, ó tán.

Ṣé òfin gbà á? Ìdájọ́ tí ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà ṣe láàárín Apple àti ilé iṣẹ́ Franklin ní 1983 fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àkọsílẹ̀ inú ROM ní ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé bí ìwé ṣe ní in. Franklin ti da ROM Apple II kọ tí wọn kò tilẹ̀ yọ orúkọ ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ Apple tó wà nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Compaq àti Phoenix gba ọ̀nà mìíràn sí BIOS IBM: àwọn kan ka ohun tó ń ṣe, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀, àwọn mìíràn tí kò fojú kan kóòdù IBM rí sì kọ tuntun láti inú ọ̀rọ̀ yẹn. Ní 1992, nínú ẹjọ́ ilé iṣẹ́ Sega àti Accolade, ilé ẹjọ́ gbà pé títú kóòdù láti mọ bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́ tọ́ nígbà tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti 1991 náà gbà á láyè kí ohun èlò méjì lè bára wọn ṣiṣẹ́. Ojú tí mo fi wò ó ni pé kíka nǹkan yàtọ̀ sí pípín in kiri. Ìdí nìyí tí mo fi yin àwọn tó jẹ́ pé ibi tí wọ́n yí padà nìkan ni wọ́n ń pín, tí wọ́n ń ní kí olúkúlùkù ka ROM tirẹ̀ kó sì fi àtúnṣe náà sí i fúnra rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kò jìnnà sí wa. Ìwádìí tí United Nations University àti ibùdó Àdéhùn Basel fún Áfíríkà tó wà ní Ìbàdàn ṣe ní èbúté Èkó ní 2015 àti 2016 fi hàn pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ohun èlò oníná àlòkù ló ń wọ Nàìjíríà lọ́dún. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ wà lára wọn, Computer Village ní Ìkẹjà sì ni ọ̀pọ̀ ti ń rí ìyè kejì. Ẹ lọ wo oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ níbẹ̀. Á tú ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù, á wá ṣíìpù kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n kọ 25Q64 sí lára, mẹ́gábáìtì 8 ló wà nínú rẹ̀, á fi ohun bí ìpínṣọ kan gbá a mú, wáyà á sì lọ sínú CH341A, káàdì dúdú kékeré tí kò wọ́n. Ẹni tó bá mọ̀ nípa rẹ̀ á ti ṣọ́ra fún káàdì yẹn, nítorí ó máa ń ti fóòtì 5 sórí wáyà ọ̀rọ̀ nígbà tí ṣíìpù náà kò fẹ́ ju 3.3 lọ. BIOS tó kú tàbí tí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ ti sọnù ni wọ́n sábà ń tún ṣe, irú ọ̀rọ̀ aṣínà bẹ́ẹ̀ sì gba ìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá, kó má lọ jẹ́ ẹrù olè.

Iṣẹ́ ọwọ́ yẹn lè lọ síwájú sí i. ThinkPad X230 ti ọdún 2012 ní orúkọ káàdì Wi-Fi tó fẹ́ nínú BIOS rẹ̀. Bí èèyàn bá fi èyí tí kò sí nínú rẹ̀ sí i, á kọ àṣìṣe 1802 síta, kò sì ní jí. Àwọn kan ti tú BIOS yẹn, wọ́n yọ orúkọ wọ̀nyẹn kúrò. Àwọn mìíràn gbé BIOS ilé iṣẹ́ kúrò pátápátá, wọ́n fi coreboot rọ́pò rẹ̀, iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1999 ní Los Alamos lábẹ́ orúkọ LinuxBIOS. Ohun èlò kan náà tí oníṣẹ́ Ìkẹjà ní lọ́wọ́ ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Ó yẹ kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń ka ohun tí wọ́n ń kọ sínú ṣíìpù yẹn, kó má kàn jẹ́ pé wọ́n ń wá fáìlì tí ẹlòmíràn ti ṣe.

Ibì kan wà tí fáàmùwíà kò lè dé. Ṣíìpù 286 kò lè rí ju mẹ́gábáìtì 16 lọ nítorí wáyà àdírẹ́ẹ̀sì 24 ló ní. Kò sí kóòdù tó lè fi ìkẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kún un. Àwọn ṣíìpù kan wà tí wọ́n ti dí ẹnu wọn kí ẹnikẹ́ni má lè ka inú wọn, àfi kí èèyàn fi ásíìdì bó èèpo wọn kó sì fi maikirosíkóòpù yà wọ́n, bí àwọn oníṣẹ́ Visual6502 ṣe ya ṣíìpù 6502 ní 2009. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn.

Èyí tó ń kọ mí lóminú jù ni ti àwọn ẹ̀rọ tó ń dé báyìí. Láti 2013 ni Intel ti gbé Boot Guard jáde, tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì ń lò ó: wọ́n á jó àmì kọ́kọ́rọ́ tiwọn mọ́ inú ṣíìpù títí láé, fáàmùwíà tí wọn kò bá fọwọ́ sí kò sì ní jí ẹ̀rọ náà. Ó ń dènà olè àti ọlọ́ṣà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n bí ilé iṣẹ́ bá ti ní àwọn ò ṣe àtúnṣe sí i mọ́, ààlà tó wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn náà ló máa wà níbẹ̀ títí, kò sì sí JiffyDOS tó lè bọ́ sínú rẹ̀. Microsoft ti gbé kóòdù MS-DOS 4.00 síta ní 2024, kóòdù Lisa ti Apple náà sì ti wà ní gbangba láti 2023. Fáàmùwíà ló yẹ kó kàn. Ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ bá ti dáwọ́ ìtọ́jú ẹ̀rọ kan dúró, kí òfin ní kó kó kóòdù fáàmùwíà rẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́ tó ń fọwọ́ sí i sílẹ̀ fún ilé ìkàwé tàbí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí aráàlú lè dé, kí ẹni tó fowó ra ẹ̀rọ náà, ní Düsseldorf tàbí ní Ìkẹjà, lè máa tún un ṣe lọ.